Ta Ni Yóò Ra Kọ́kọ́rọ́?

Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti dárúkọ ààbò kọ̀ǹpútà báyìí, àwọn kan á ti nawọ́ láti yí rédíò sí ibòmíràn, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yí i. Ẹni tó ń náwó ààbò àti ẹni tó ń jẹ òfò nígbà tí ààbò bá já, àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ ká jọ wò, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n jẹ́ ẹnì kan náà. Níbẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà wà.

Ẹni tó bá ti gba Àpápá kọjá rí yóò ti rí orúkọ Maersk gàdàgbà lára kọ̀ńténà. Àwọn ará Denmark ló ni iléeṣẹ́ náà, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún kọ̀ńténà gbogbo àgbáyé ló sì ń gba ọwọ́ wọn kọjá nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2017 ni. Kọ̀ǹpútà kan kú ní orílé-iṣẹ́ wọn ní Copenhagen, èkejì kú, kí olójú tó ṣẹ́ ẹ, ojú gbogbo ẹ̀rọ inú ọ́fíìsì ti ṣókùnkùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń sáré láti yàrá dé yàrá, wọ́n ń pariwo pé kí kálukú pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, wọ́n ń fa wáyà yọ lára ẹ̀rọ ẹni tó wà nínú ìpàdé. Àwọn géètì inú ilé tó jẹ́ pé káàdì ni wọ́n fi ń ṣí i, kò ṣí mọ́. Ńṣe ni àwọn òṣìṣẹ́ ń fò ó kọjá.

Kòkòrò kọ̀ǹpútà ló fa gbogbo èyí. Níbo ló gbà wọlé? Ní orílẹ̀-èdè Ukraine, sọ́fíwíà kan wà tó ń jẹ́ M.E.Doc, òun ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ibẹ̀ fi ń ṣírò owó orí tí wọ́n ń san fún ìjọba. Àwọn ọ̀daràn wọ inú ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kékeré tó ṣe é, wọ́n sì bu májèlé sínú àtúnṣe tí iléeṣẹ́ náà máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Maersk ní ẹ̀ka kan nílùú Odessa. Orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n fi M.E.Doc sí níbẹ̀. Ẹyọ kan yẹn ti tó. NotPetya ni wọ́n sọ kòkòrò náà. Ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀ bí ẹni pé ajínigbé ni, àmọ́ irọ́ ni, kò sí ohun tó lè tú sílẹ̀, ó ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nínú oṣù Kejì ọdún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ló wà nídìí rẹ̀. Ukraine ni wọ́n ta ọfà sí. Maersk kàn wà lójú ọ̀nà ni.

Nínú èbúté 76 tí wọ́n ń bójú tó, 17 dúró gbáú. Ní Elizabeth, ní ìpínlẹ̀ New Jersey lọ́hùn-ún, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tò gbọọrọ síwájú géètì tí kò ṣí, nítorí kọ̀ǹpútà tó ti kú yẹn ló mọ ẹrù tó wà nínú kọ̀ńténà kọ̀ọ̀kan àti ibi tó ń lọ. Alága ìgbìmọ̀ olùdarí wọn, Jim Hagemann Snabe, sọ níbi ìpàdé ọrọ̀ ajé àgbáyé ní Davos ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018 pé kọ̀ǹpútà 45,000 àti sáfà 4,000 ni àwọn tún tò láti ìbẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 10. Àdánù tí wọ́n kéde fún àwọn tó ní ìpín nínú iléeṣẹ́ wà láàárín mílíọ̀nù 250 sí mílíọ̀nù 300 dọ́là.

Ibi tí wọ́n ti rí ìgbàlà gan-an ló kàn wá níhìn-ín. Oríṣi ẹ̀rọ kan wà tó mọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ àti ibi tí kálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ̀ nínú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́. Maersk ní nǹkan bí 150 irú rẹ̀ káàkiri ayé. Ara wọn ni wọ́n fi ṣe ẹ̀dà: ohun tó bá sọnù lọ́dọ̀ ọ̀kan, wọ́n á lọ bu ú wá lọ́dọ̀ òmíràn. Kò sẹ́ni tó rò ó rí pé gbogbo wọn lè kú lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n sì kú lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n wá gbogbo ayé kiri, ẹyọ kan péré ni wọ́n rí tó yè, ọ́fíìsì wọn ní Ghana ló wà. Kí ló yọ ọ́? Iná ti lọ ní Ghana kí kòkòrò náà tó jà, ẹ̀rọ yẹn ò sì sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí ẹnikẹ́ni dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó mú iná lọ.

Wọ́n fẹ́ fi ohun tó wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì látorí íntánẹ́ẹ̀tì, ó máa gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lágbára. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ Ghana kan gbé e wọ bàálù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kò sí èyí tó ní físà nínú wọn. Bí ọ̀kan ṣe gbé dísíìkì ẹ̀rọ náà wọ bàálù wá sí Nàìjíríà nìyẹn. Ní pápákọ̀ òfurufú wa níbí, ó fà á lé òṣìṣẹ́ Maersk mìíràn lọ́wọ́, ìyẹn náà sì gbé e lọ sí pápákọ̀ Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù. Iléeṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, inú àpò ẹnì kan ni gbogbo ìrètí rẹ̀ wà fún wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Andy Greenberg, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Wired, ló tú iṣu ìtàn yìí désàlẹ̀ ìkòkò lọ́dún 2018.

Ìtàn iná tó lọ yẹn ni ayé ń sọ kiri. Ohun mìíràn wà nínú ohun tí Greenberg kọ tó dùn mí ju ìyẹn lọ, àwọn èèyàn kì í sì í sábà mẹ́nu bà á. Lọ́dún 2016, ọdún kan ṣáájú ìjàǹbá náà, àwọn kan lára àwọn ọ̀gá tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní Maersk ti sọ pé ẹ̀rọ àwọn ti gbó, pé ẹni tó bá wọ apá kan lè rìn dé ibi gbogbo. Wọ́n ní kí wọ́n tún un tò. Iléeṣẹ́ gbà. Owó jáde fún un. Síbẹ̀ iṣẹ́ ò lọ. Ìdí ni pé nígbà tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n máa fi díwọ̀n iṣẹ́ àwọn ọ̀gá pátápátá nídìí kọ̀ǹpútà lọ́dọọdún, èyí tí wọ́n fi ń san owó ìmóríyá fún wọn, àtúntò yẹn ò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é, owó wọn ò ní lé. Bí wọn ò bá ṣe é, owó wọn ò ní dín.

Ẹ gbọ́ mi yé o. N ò sọ pé èèyàn burúkú ni àwọn ọ̀gá yẹn. Ibi tí iléeṣẹ́ nawọ́ sí ni wọ́n wò, ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n wọn ni wọ́n ṣe. Ẹ wo ilé ayálégbé lásán. Kọ́kọ́rọ́ géètì bàjẹ́. Ìkòròdú ni lándílọ́ọ̀dù ń gbé, Mushin ni ilé wà, olè ò lè jí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ní Mushin. Ìyá tó wà lókè ní òun kọ́ lòun ni ilé. Bọ̀dá ìsàlẹ̀ ní òun á kó jáde nípárí ọdún. Gbogbo wọn ló mọ iye tí kọ́kọ́rọ́ jẹ́, kò sì wọ́n. Géètì yẹn yóò wà ní ṣíṣí títí olè yóò fi wọlé, lọ́jọ́ náà ni wọ́n á wá máa bi ara wọn pé ta ló yẹ kó rà á.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ross Anderson ti Yunifásítì Cambridge, tó dolóògbé lọ́dún 2024, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ yìí yé aráyé, nínú ìwé kan tó kọ lọ́dún 2001. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó ní báńkì ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní Amẹ́ríkà, bí oníbàárà bá ní owó òun jáde lára ẹ̀rọ, òun kọ́ ló gbà á, báńkì ló gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé irọ́ ló ń pa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó dá owó padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, oníbàárà ni wọ́n ń ní kó fìdí tirẹ̀ múlẹ̀. Àwọn báńkì á ní ẹ̀rọ àwọn ò lè ṣàṣìṣe. Èèyàn á rò pé àwọn báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló jèrè. Rárá o. Ìwà àìbìkítà wọ àárín àwọn òṣìṣẹ́ wọn, jìbìtì gbilẹ̀. Àwọn báńkì Amẹ́ríkà ná owó tó kéré sí tiwọn lórí ààbò, àmọ́ wọ́n ná an síbi tó yẹ, nítorí àpò àwọn fúnra wọn ló ń jò. Ẹ̀yin tí wọ́n ti yọ owó yín ní báńkì rí, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ máa dúró de àbájáde ìwádìí, ẹ ti mọ ẹni tí àpò rẹ̀ ń jò níbí.

Ṣé ohun tí mò ń sọ wá ni pé kí iléeṣẹ́ kó gbogbo owó rẹ̀ fún àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ààbò? Ó tì o. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà, Lawrence Gordon àti Martin Loeb, ṣírò ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 2002. Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan n'Íbàdàn ṣe é. Ká sọ pé gbogbo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, iye tí kálukú dá, ẹni tó yá owó àti oníduùró rẹ̀, orí láptọ́ọ̀pù akọ̀wé ló wà. Bí ó bá bàjẹ́ tàbí bọ́ sọ́wọ́ ọ̀daràn, ká ní òfò tó máa bá ẹgbẹ́ yóò tó mílíọ̀nù 40 náírà. Ká tún sọ pé nínú ọdún 10, ó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òfò tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa retí lọ́dún kan jẹ́ mílíọ̀nù 4. Àbájáde ìṣirò Gordon àti Loeb ni pé nínú irú àwọn ọ̀ràn tí wọ́n yẹ̀ wò, owó tó yẹ kí èèyàn ná lórí ààbò kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí 37 nínú ọgọ́rùn-ún òfò tó ń retí lọ. Ti ẹgbẹ́ wa yìí kò ní ju 1,480,000 náírà lọ. Àwọn onímọ̀ ìṣirò mìíràn ti fi hàn láti ìgbà náà pé ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn ọ̀ràn kan, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ ò yí padà. Ẹni tó bá wá ta ẹ̀rọ ààbò mílíọ̀nù 10 fún ẹgbẹ́ yẹn, olè lòun náà, ó kàn wọ kóòtù ni.

Gordon àti Loeb tún sọ ohun kan tó lòdì sí èrò ọ̀pọ̀ èèyàn: ibi tó jẹrà jù lè má jẹ́ ibi tó yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ. Nǹkan mìíràn wà tó jẹ́ pé dídáàbò bò ó yóò wọ́n ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Èmi fi tèmi kún un: bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pa á rẹ́. Kí ni ẹgbẹ́ ń fi nọ́ńbà BVN ẹni tó ti yọwọ́ nínú ẹgbẹ́ láti ọdún 7 ṣe? Kí ni ilé ìwé aládàáni ń fi fọ́tò ìwé ìrìnnà òbí ṣe? Ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ, wọn ò lè jí i lọ́wọ́ rẹ.

Ohun tó ń gbani kì í sì í sábà wọ́n. Lọ́dún 2021, iléeṣẹ́ Colonial Pipeline tó ń fi páìpù gbé epo lọ sí apá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ti páìpù rẹ̀ pa fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ ilé epo sì gbẹ. Ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo tó wà fún àkáǹtì tí wọn ò lò mọ́ ni àwọn ọ̀daràn fi wọlé. Kóòdù kejì tó máa ń wọlé sórí fóònù, irú èyí tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sí yín, kò sí lórí rẹ̀. Wọ́n san mílíọ̀nù 4.4 dọ́là fún àwọn ajínigbé kọ̀ǹpútà yẹn, ìjọba Amẹ́ríkà sì rí apá kan gbà padà lẹ́yìn náà. Ẹ fi iye yẹn wé owó kóòdù fóònù.

Àwọn kan á ní àwọn á kúkú lọ bá adójútòfò. Ó dáa, àmọ́ kí wọ́n ka ìwé tí wọ́n bá fọwọ́ sí. Iléeṣẹ́ apoògùn Merck náà fara gbá nínú NotPetya, àdánù tí wọ́n kọ sílẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 1.4 dọ́là. Wọ́n lọ bá àwọn adójútòfò wọn, àwọn yẹn ní ogun ni Rọ́ṣíà ń jà, ìwé sì sọ pé àwọn ò ní san owó òfò ogun. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ ní New Jersey. Ilé ẹjọ́ dá Merck láre, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i lọ́dún 2023, wọ́n wá parí rẹ̀ láàárín ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ọdún mẹ́fà ààbọ̀ lẹ́yìn tí ilé jó! Ọjà adójútòfò Lloyd's ní Lọ́ńdọ̀nù ò dúró gbọ́ ìparí ẹjọ́ náà: láti òpin oṣù Kẹta ọdún 2023, wọ́n ti pàṣẹ pé kí ìwé adójútòfò kọ̀ǹpútà yọ ìkọlù tí ìjọba orílẹ̀-èdè kan bá wà nídìí rẹ̀ kúrò ní kedere.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Ẹ rántí oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, kọ̀wé sí àwọn báńkì lọ́jọ́ 6 oṣù náà pé kí wọ́n máa yọ ìdá ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lára owó tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ látorí ẹ̀rọ, fún àpò ààbò ayélujára orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá fi 100,000 náírà ránṣẹ́, 500 náírà lọ. Ariwo ta. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí CBN fi fagi lé e. Àwọn èèyàn bínú sí owó náà, wọ́n sì jàre, àmọ́ ohun tó yẹ ká wò dáadáa ni ẹni tí òfin dárúkọ. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 to àwọn tó kàn lẹ́sẹẹsẹ: àwọn iléeṣẹ́ fóònù, àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, báńkì, adójútòfò, àti ọjà ìpín ìdókòwò. Ìwé CBN wá gbé e lé orí ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́. Ìyá tó ń ta elùbọ́ ní Bódìjà, tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó kó ọjà fún un, òun ni wọ́n fẹ́ kó ra kọ́kọ́rọ́ géètì báńkì. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìnáwó náà ò kan báńkì, ìdí wo ni báńkì ò fi ní máa sùn?

Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 ló sún mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ó ní kí iléeṣẹ́ tí ìsọfúnni bá jò lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì lè pa àwọn èèyàn lára, sọ fún àjọ tó ń bójú tó o láàárín wákàtí 72. Fún àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá, ìtanràn lè tó mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó wọlé fún wọn lọ́dún tó ṣáájú, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ìdá 2 yẹn ni mo fẹ́ràn. Mílíọ̀nù 10 ò tó owó bàálù àwọn olùdarí iléeṣẹ́ ńlá kan, àmọ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé, kálukú ló máa jí. Tí wọ́n bá ń gbà á lóòótọ́ ni o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sínú ìgbìmọ̀ ilé ìwé, ilé ìwòsàn tàbí ìjọ, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Nípàdé ọdọọdún yín tó ń bọ̀, bí wọ́n bá ka owó ààbò kọ̀ǹpútà sétígbọ̀ọ́ yín, ẹ dìde kẹ́ ẹ béèrè orúkọ ẹni tí yóò kàn nínú owó oṣù rẹ̀ bí àkọsílẹ̀ bá sọnù, kẹ́ ẹ sì béèrè ìgbà tó gbé ẹ̀dà jáde kẹ́yìn tó sì gbìyànjú láti ṣí i. Bí wọn ò bá lè dárúkọ ẹnì kan pàtó, ẹ má fọwọ́ sí ètò ìṣúná náà.